Ilé Tó Wà Nínú Ilé-Ìwé

Ní agbègbè Ọ̀tà, láti Sàngó títí dé Alápòtì, ó ṣòro kí ènìyàn rin àdúgbò kan já kó má rí pátákó ilé-ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run lára. Ti ìjọ kan nìyí, ti ẹgbẹ́ mùsùlùmí kan nìyẹn, ti pásítọ̀ kan tó sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ di kíláàsì mẹ́ta ló wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn: ẹni tó ń to ọjà sínú páálí, ẹni tó ń ru irin, ẹni tó ń ṣọ́ géètì lóru. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, nínú ilé tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí o bá bi wọ́n pé èwo ló le jù nínú owó ilé àti owó ilé-ìwé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó o má dá àwọn lágara.

Èyí ló mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń pè lójoojúmọ́ láìtú u palẹ̀: ilé-ìwé. Ilé, àti ìwé. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ kọ́kọ́ gbé ìwé wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ rí gbà kí wọ́n tó rí ìwé. Wọ́n sùn níbẹ̀, wọ́n jẹun níbẹ̀, wọn ò sì san kọ́bọ̀. Lónìí, ìwé ṣì wà lórí pátákó, ṣùgbọ́n ilé ti fẹsẹ̀ fẹ. Ibi tí ilé náà gbà lọ ni mo fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀tà, ogun sì ti jẹ ẹ́ níyà kí ilé-ìwé kankan tó dé ibẹ̀. Ní 1842 àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun ìlú náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí Adó-Odò ká, tí wọ́n dó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1848 ẹ̀wẹ̀, ogun Dahomey kó Òkè-Ọdàn tí kò jìnnà síbẹ̀, ọmọdébìnrin kan tí wọ́n mú níbẹ̀ ni wọ́n fà lé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́ ní 1850, tó fi di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń gbọ́ bùkátà rẹ̀: òun ni Sarah Forbes Bonetta. Ẹyọ kan péré lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ọmọ yìí. Àwọn yòókù kò bá ọba pàdé. Wọ́n di ẹrú, wọ́n di ìwọ̀fà, wọ́n di ọmọ tí kò mọ agbolé tí òun ti wá. Nígbà tí James White, ọmọ Sàró tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán wá, fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀tà láàárín àwọn ọdún 1850, irú ìlú báyìí ló bá. (Fún ẹni tí kò mọ̀: àwọn Sàró ni ọmọ ilẹ̀ wa àti àtọmọdọ́mọ wọn, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú agbami lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n já sí Freetown. Àwọn ló padà wálé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.) White pẹ́ gan-an ní Ọ̀tà, ìjọ ibẹ̀ kò sì yára dàgbà rárá.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó kún jù lọ nípa ilé inú ilé-ìwé wà ní Ìbàdàn, nítorí pé obìnrin tó wà nídìí rẹ̀ máa ń kọ lẹ́tà. Wọ́n kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé ní 1872.

Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ kó tó lọ́kọ. Wọ́n bí i ní 1827 ní abúlé Hempnall, ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó ṣe, ó wá ń gbé ní Lowestoft létí òkun lọ́dọ̀ àlùfáà Francis Cunningham àti ìyàwó rẹ̀ Richenda, tí í ṣe àbúrò Elizabeth Fry, obìnrin tó gbajúmọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Kò tíì pé ogún ọdún tó ti ń kó àwọn ọmọ tálákà, àwọn tó wọ àkísà, jọ ní ọjọ́ Ìsinmi láti kọ́ wọn. Ọmọ mẹ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lé ní igba kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ alákìísà wọ̀nyẹn, nítorí a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ òyìnbó ti kàwé tán kí wọ́n tó wá kọ́ wa. Irọ́ ni. Ní àkókò tí Anna wà ní Lowestoft, kò sí òfin kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí ìjọba rí i pé ilé-ìwé wà fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tálákà ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ àti lóko láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ráyè. Ìdí nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí Robert Raikes sọ di ohun ńlá ní Gloucester láti 1780, fi ń kọ́ni ní a-b-d gan-an, yàtọ̀ sí èyí tí àwa ń lọ ní kékeré láti lọ há ẹsẹ Bíbélì sórí. Ní 1844 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London fún àwọn ilé-ìwé ọmọ alákìísà. Àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò gba owó. Ọdún 1870 ni òfin ẹ̀kọ́ tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìjọba lọ́wọ́ jáde, ọdún yẹn náà sì ni Anna kú. Nítorí náà, ohun tó gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ètò tí ìlú rẹ̀ ti ń lò tí ó sì ti dúró sán-ún. Òun náà ṣì ń dán an wò ni.

Ní oṣù kẹwàá 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ará Württemberg ní Jámánì, tó ti ń ṣiṣẹ́ CMS ní ilẹ̀ Yorùbá láti 1849, tó sì ti wo Ìbàdàn ní 1851 tí àwọn olóyè ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹrin 1853 ni tọkọtaya náà wọ Ìbàdàn. Ìlú ológun ni. Ilé amọ̀ bíi ti gbogbo ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé míṣọ́n sí Kúdẹtì, ilé tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ìlú wọn títí dòní.

Inú ilé yẹn ni ilé-ìwé wà. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ kún ilé rẹ̀. Ìyá ni wọ́n ń pè é. Ìṣòro tó kọ́kọ́ bá pàdé ni pé àwọn òbí kò fẹ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ kiri ni pé ìwé á sọ ọmọkùnrin di ojo, ta ló sì fẹ́ ọmọ ojo ní ìlú tí jagunjagun ti ń jayé? Ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ní láárí, oko tàbí ogun ló ń lọ. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ ló ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe: ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé tó jẹ́ obìnrin àti Akínyẹlé tó jẹ́ ọkùnrin, kí wọ́n lọ kàwé. Ilé-ìwé girama àwọn obìnrin kan wà ní Ìbàdàn lónìí tó ń jẹ́ Yéjídé, nítorí ọmọ yẹn.

Àwọn yòókù ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò sí ẹni tó lè gbèjà rẹ̀. Àwọn kan ti di ẹrú, wọ́n sì fi owó ẹyọ rà wọ́n padà. Àwọn kan wá nítorí oúnjẹ wà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí o bá kọ́ ọ ní ìwé lọ́sàn-án tí o ní kó máa lọ sílé lálẹ́, ilé wo ló ń lọ? Bí ilé-ìwé ṣe di ilé nìyẹn. Kò sí ẹni tó jókòó láti kọ ọ́ sínú ìwé ètò. Ọmọ kò níbi tó máa sùn ni, ó sì sùn síbẹ̀.

Nígbà tí a bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ó yẹ ká béèrè ẹni tó san án. Àwọn ará ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá owó, wọ́n sì ń di aṣọ sínú àpótí ránṣẹ́. CMS ń san owó iṣẹ́ David. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ẹrù náà láti Èkó gba Abẹ́òkúta wá, orí ló fi rù ú. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti sin òrìṣà kó tó di onígbàgbọ́, bá wọn wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ inú ilé kó tó di olùkọ́. Ní 1858 ni Henry Johnson, ọmọ Sàró, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Freetown láti wá kún iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ni Samuel, tí wọ́n bí ní 1846. Inú ọgbà Kúdẹtì ló ti dàgbà. Gbogbo wa tó ń kọ nípa ìtàn Yorùbá lórí búlọ́ọ̀gù yìí, Samuel Johnson yẹn la ń yá lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah tún tò lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ sọnù, tó sì jáde ní 1921. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé tí kò bá sí ilé yẹn, ta ni ì bá sọ ìtàn Kúrunmí fún wa?

Kúrunmí náà ló kàn. Ní 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní ọba. Ìbàdàn dúró ti Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá dúró ti Ìjàyè, ogun bẹ́ ní 1860. Ọ̀nà Abẹ́òkúta tí ẹrù ń gbà wá láti Èkó dí pa. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là, nítorí ogun ti sún lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ilé Kúdẹtì fi wà láìrí ohun gidi gbà láti òkè òkun. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti kúrò ní ìtàn òyìnbó tó ń ṣàánú. Àwọn Hinderer ta ohun tó wà nílé, títí kan aṣọ àti agolo, kí wọ́n lè ra ẹ̀wà àti epo. Ebi pa wọ́n débi pé ó ba ìlera Anna jẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ kò dín kù nínú ilé ní àkókò náà. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i, nítorí ogun Ìjàyè ń sọ ọmọ di ẹrú lójoojúmọ́, àwọn kan nínú wọn sì bọ́ sí ọwọ́ míṣọ́n. Ẹni tí kò ní oúnjẹ tó ń gba ẹnu kún ẹnu!

Ní apá kejì ogun yẹn, nínú ìlú Ìjàyè gan-an, ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ajíhìnrere onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, A. D. Phillips àti R. H. Stone, ń kó àwọn ọmọ tí ogun àti ìyàn ti sọ di aláìlóbìí jọ. Nígbà tí ìlú fẹ́ fọ́, wọ́n kó wọn sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ilé kan fún àwọn ọmọ ẹni tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, ilé kan nínú Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà náà nígbà yẹn, kò sì sí owó tó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọ wọn wá mọ́, nítorí náà ebi kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì.

Ní oṣù kẹrin 1865, Glover tó ń ṣe àkóso Èkó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan gba inú igbó, ó dé Ìbàdàn lóru, ó sì gbé Anna jáde lọ sí Èkó. David dúró. Anna tún padà wá ṣá, ṣùgbọ́n ara ti kọ̀ ọ́. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ilé àti ìjọ lé Olúbí lọ́wọ́. Anna kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà 1870. Olúbí di àlùfáà lẹ́yìn náà, ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 1912.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń kọrin ìyìn. Ilé yẹn ní owó orí tirẹ̀. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀, wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn: Akínyẹlé di Francis, orúkọ kan náà pẹ̀lú àlùfáà Lowestoft. Kò ní lọ wo eégún mọ́, kò ní bá ẹbí bọ ohun tí ẹbí ń bọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí rí i bíi kí wọ́n jí ọmọ gbé, àwọn ọmọbìnrin kan sì jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọn nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Bákan náà ni ọmọ tí wọ́n tọ́ níbẹ̀ kò lómìnira púpọ̀ láti yan iṣẹ́: ó di olùkọ́ míṣọ́n, ó di ajíhìnrere, ó fẹ́ ọmọ míṣọ́n. Ẹni tó gbà ọ́ sílé ló ń darí ọ̀nà rẹ. Àwọn bàbá wa mọ èyí dáadáa, ìwọ̀fà àti ọmọ ọ̀dọ̀ ní irú rẹ̀. Síbẹ̀ náà, láàárín ẹrú àti ọmọ míṣọ́n, bí wọ́n bá ní kí n yàn fún ọmọ tí ogun kó ní Ìjàyè, n ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Wàyí o, báwo ni ilé ṣe jáde kúrò nínú ilé-ìwé?

Ẹ wo ọdún 1859, nígbà tí ilé Kúdẹtì ṣì ń bọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, lábẹ́ CMS yẹn kan náà, T. B. Macaulay ṣí ilé-ìwé girama ní oṣù kẹfà. Ọmọ mẹ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò Sàró kan tó ń jẹ́ James Davies ló dá owó àádọ́ta pọ́n-ùn láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Àwọn òbí ń sanwó. Wọ́n sì fẹ́ san án, nítorí Èkó ti di ìlú tí akọ̀wé ti ń rówó: ilé ìṣòwò òyìnbó ń wá akọ̀wé, nígbà tó sì di 1861 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọ́fíìsì ìjọba náà ń wá wọn. Ohun tí Ìbàdàn ń sá fún lọ́fẹ̀ẹ́ ni Èkó ń fi owó rà.

Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ará ìlú kò fẹ́ ìwé, míṣọ́n ní láti fi ilé àti oúnjẹ kún un kó tó lè rí ọmọ kọ́. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí mówó wọlé, kò sídìí láti fi ohunkóhun kún un mọ́, òbí fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba ọmọ òun. Ní 1877 ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fún míṣọ́n mẹ́ta, CMS, Wesley àti Àgùdà, ní igba pọ́n-ùn lọ́dọọdún fún ilé-ìwé wọn. Òfin ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e ní 1882 àti 1887, ó ń wo iye ọmọ tó wà ní kíláàsì àti bí wọ́n ṣe ṣe dáadáa sí nínú ìdánwò. Kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀ nípa ibi tí ọmọ sùn. Ohun tí ìjọba ń san owó fún ni ó dàgbà, ohun tí kò sanwó fún sì ń gbẹ.

Ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni, kò kú lójijì. Àwọn àlùfáà Àgùdà ṣì gbìyànjú ohun kan ní Tọ́pọ́, lẹ́bàá Àgbádárìgì, láti 1876: oko ńlá kan létí ọ̀sà, níbi tí ìdílé onígbàgbọ́ àti àwọn ọmọ aláìlẹ́nìkan ti ń gbé, tí wọ́n ń gbin àgbọn àti pákí, tí ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ oko pẹ̀lú ìwé. Ní Kúdẹtì, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Ní 1950 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé-ìwé CMS fún àwọn ọmọbìnrin láti Èkó, ó di St. Anne's ní Mọ̀lété, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ láti fi rántí Anna. Ibùgbé wà ní St. Anne's nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ọmọ ta ló máa ń gbé ní ilé ìgbé ilé-ìwé ní 1950. Ọmọ tó nílé tó dára nílé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn tó jẹ́ ti ẹni tí kò nílé ṣe di ti ẹni tó lówó.

Àwọn mùsùlùmí kò dúró kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lórí wọn. Ilé kéwú ti wà ṣáájú míṣọ́n, níbẹ̀ náà ọmọ máa ń gbé lọ́dọ̀ alfa, á máa bá a roko, á máa kéwú. Ṣùgbọ́n kéwú kò mú ènìyàn dé ọ́fíìsì ìjọba, ilé-ìwé míṣọ́n sì ń sọ ọmọ mùsùlùmí di Jòónù àti Péítà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá ló kọ́ àwọn ilé-ìwé rẹ̀, ìyọ̀ǹda-ara-ẹni gidi nìyẹn. Ìwé nìkan ni ẹgbẹ́ náà gbé dání ní tirẹ̀, nítorí ìwé ni wọ́n ń fi já wọn sílẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, a sì mọ ìtàn yẹn kú. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ míṣọ́n. Ní 1979 ìjọba Ònàbánjọ ní Ògùn sọ girama náà di ọ̀fẹ́. Nígbà tí owó ìjọba wá gbẹ, tí àwọn ilé-ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí jò, tí olùkọ́ ń lọ oṣù mẹ́ta láìgbowó, àwọn onígbàgbọ́ tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ni wọ́n bá wá. Mi ò ní bá wọn jà jù, nítorí olùkọ́ ní láti jẹun. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó ń dá owó ìdámẹ́wàá láti kọ́ ilé-ìwé kò lè san owó kí ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó yẹ kí a rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ òdìkejì Kúdẹtì gan-an. Ní Kúdẹtì, olówó Lowestoft ló ń dá owó fún ọmọ tálákà Ìbàdàn.

Ilé wá ńkọ́? Bí ẹ bá wo àgbáyé, ẹ ó rí i pé àwọn kan gbé e. Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, oko kan wà tó ń jẹ́ Koinonia, tí Clarence Jordan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1942, níbi tí dúdú àti funfun ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí òfin ibẹ̀ ń yà wọ́n nípa. Lọ́yà kan, Millard Fuller, tó lówó gan-an tó sì kó ọrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ṣaláìní, wá bá Jordan níbẹ̀. Ní 1968 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé fún tálákà láìgba èlé. Ní 1973 Fuller kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Mbandaka ní Zaire láti dán ètò náà wò nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tó sì padà sílé ní 1976 ló dá Habitat for Humanity sílẹ̀. Ẹni tó máa ni ilé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, á máa san owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, owó yẹn ni wọ́n á fi kọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí mo kà á, mo ní, ṣé ọ̀wẹ̀ àti èésú kọ́ nìyí? Ọ̀wẹ̀ ni bàbá ìyàwó fi ń rí ilé bò láyé àtijọ́, èésú ni ìyá wa ń dá lọ́jà. Àwa la ni àwọn ohun èlò méjèèjì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa ló kún fún àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti oníkòǹkéré. A ò kàn dà wọ́n pọ̀ ni.

Àfi ní ibì kan. Ní oṣù kìíní 1947, létí òkun Ìlàjẹ, ní ibi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, àwọn apẹja tálákà kan láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n ti takò bíbọ òrìṣà àti pípa ìbejì, wọ́n sì ti jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará agbègbè. Wọ́n lọ sórí iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Kò sí olówó òkè òkun kankan lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbẹ́ odò, wọ́n kan ilé pákó lé orí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì láàárín rẹ̀. Kò sí ẹni tó san owó ilé. Ohun tí apẹja bá pa, inú àpò kan ló ń lọ, inú àpò yẹn ni oúnjẹ, aṣọ, ilé àti owó ẹ̀kọ́ ọmọ ti ń jáde. Wọ́n ní ilé búrẹ́dì, ilé aláṣọ, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ní 1953 iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì wà lábẹ́ àtùpà. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lókè òkun.

Láàárín ogún ọdún sí i, àpò kan náà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí tú. Àwọn tó kàwé fẹ́ mọ iye tí òun fúnra òun ń pa, àwọn ìdílé fẹ́ owó tiwọn, nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960 wọ́n ti ń yọ̀ǹda kí olúkúlùkù máa ṣòwò ara rẹ̀. Ìlú náà ṣì wà. Òkun ló ń bá a jà báyìí, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilé-ìwé wọn lọ láti bí ogún ọdún wá. Ìjọba ti ṣèlérí ògiri tí yóò dá omi dúró ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn ará Ayétòrò ń tú pákó ilé tí omi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ń tún un kàn sẹ́yìn díẹ̀ sí òkun.